Àkéekèé tọ́mọ mi ń sìn nínú ike: "Èwo ni nínú wọn?" ni ìyá mi bi mí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Bọ́ládé l'Óṣòdì, ẹ ó mọ̀ pé kò fẹ́ẹ̀ẹ́ sí ohun téèyàn wá débẹ̀ tí kò ní í rí rà. Bàtà, ìbọ̀sẹ̀, bẹ́líìtì, fóònù tẹ́nikẹ́ni ò mọ ibi tó ti wá, gbogbo ẹ̀ ló wà nílẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, aago ọwọ́ ni mò ń tún ṣe níbẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí tábìlì kékeré kan, tí màá ki gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá bọ ojú ọ̀tún, tí màá máa fi ẹ̀mú mú irin tí kò tó ẹyin iná orí. Ìjọba tú ọjà Òṣòdì ká lójú mi lọ́dún 2009, wọ́n kọ́ ibùdókọ̀ alájà síbẹ̀, wọ́n ṣí i lọ́dún 2019, tábìlì mi ò kúrò ní Bọ́ládé. Fóònù nìkan ló fẹ́ẹ̀ lé mi kúrò níbẹ̀, torí ta ló tún ń wo ọwọ́ kó tó mọ ohun tí aago wí mọ́? Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo jókòó kọ lónìí. Ọ̀rọ̀ àkéekèé ni.

Oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan. Ìyàwó mi ló gbọ́ tí nǹkan ń ha ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àbígbẹ̀yìn wa. Ó rò pé eku ni. Ló bá mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ike ńlá kan jáde, irú èyí tó mọ́ gaara tí wọ́n fi ń ta ṣúìtì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti fi ìṣó lu ihò sí ìdérí ẹ̀. Ó gbé e sójú iná. Ariwo tó pa, àwọn ayálégbé tó wà nísàlẹ̀ rò pé olè ló wọlé wá.

Nígbà tí mo débẹ̀, àkéekèé ni mo bá nínú ike. Kì í sì í ṣe àkéekèé kékeré o. Bí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi sílẹ̀, tó bá na ìrù ẹ̀ tán, ó máa gùn ju àtẹ́lẹwọ́ náà lọ. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ọwọ́ méjèèjì tó fi ń mú nǹkan sì tóbi bíi ti alákàn. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló kúnlẹ̀ tì í, tó ń bẹ̀ mí.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má pa á. Kì í ta èèyàn. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sìn ín. Aáyán ni mò ń fún un jẹ. Ṣọjà lorúkọ ẹ̀."

Aáyán! Ẹ ẹ̀ rí i pé mo ti ń yìn ìyàwó mi pé ìmọ́tótó ilé wa ti lé kan sí i.

Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan tó ń tẹ̀ lé ọkọ̀ lọ sí Lomé ló mú un bọ̀, pé àwọn kan wà lọ́hùn-ún tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn nìyẹn, wọ́n ń wá àkéekèé nínú oko, wọ́n ń sìn ín, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sáwọn òyìnbó tó ń tọ́jú ẹ̀ nínú ilé bí ẹni ń tọ́jú ológbò. Mo rò pé irọ́ ni. Mo ní irú àkéekèé wo wá ni, kí ni wọ́n ń pè é? Ó ní wọn ò sọ. Mo yí ike náà síwá sẹ́yìn, mi ò rí lẹ́tà kan lára ẹ̀. Bébà tó wà lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ti bó dànù.

Ibi tí mo ti ń ronú omi gbígbóná la ti gbọ́ ìró ọ̀pá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá tó bí mi lọ́mọ nìyẹn, wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan yìí, torí gbogbo wa la mọ ohun tí àkéekèé fojú wọn rí. Mo fi ẹsẹ̀ ti ike náà, àmọ́ ó ti bọ́.

Wọ́n wò ó títí. Mo ti ń retí igbe. Ohun tó jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Àkànní, èwo ni nínú wọn?"

"Èwo bíi ti báwo, Màmá?"

"Mo ní èwo ni nínú àwọn àkéekèé? Ṣé èyí tó ń pa èèyàn nìyí?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Aago ni mò ń tún ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún yín. Lọ́dún 1969, abúlé kan nítòsí Ṣakí, ní Òkè-Ògùn, là ń gbé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà náà, mi ò rántí nǹkan kan, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé ni mò ń sọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Òjò ọdún náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Láàjìn ló figbe ta, ó di ẹsẹ̀ mú. Wọ́n tan àtùpà, wọ́n rí àkéekèé dúdú ńlá kan lẹ́nu ọ̀nà, nídìí ìdì igi ìdáná. Bàbá mi fi ọmọ odó fọ́ ọ. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ, wọ́n fi epo ra á lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, ó ń làágùn, ó ń bì, ó ń mí bí ẹni tó mu omi odò yó. Orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gbé e sí pé kí wọ́n máa gbé e lọ sí Ṣakí. Kò débẹ̀.

Ta ló gbé ìdì igi yẹn sẹ́nu ọ̀nà? Ìyáálé Màmá ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló ti oko dé tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ilé olórogún ṣe ń rí, àárín wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán tẹ́lẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní pé àkéekèé bá igi wọlé, ó ti di pé wọ́n rán an ni. Ọdún mọ́kànlá ni Màmá àti obìnrin náà tún fi jọ wà nínú agboolé kan náà tí wọn ò kí ara wọn, títí a fi kó wá sí Èkó lọ́dún 1980. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó lọ́dún 1993, obìnrin yìí fi aṣọ òkè ránṣẹ́ sí mi, Màmá ní wọn ò gbọdọ̀ gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó kú lọ́dún 1998. A ò lọ síbi òkú. Ọmọ bàbá mi làwọn ọmọ tó bí, àmọ́ bí mo bá fẹ̀gbẹ́ kan wọn ní Òṣòdì yìí, mi ò lè dá wọn mọ̀.

Ẹ wá rí i pé ìbéèrè Màmá kì í ṣe ìbéèrè lásán.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gbé ike náà lọ síbi iṣẹ́. Mo ní ó sàn kó wà lójú mi ju kó wà nílé lọ. Mo ki gíláàsì bọ ojú, mo wò ó. Mo ti wo inú aago Switzerland, mo ti wo ti Japan, mi ò rí iṣẹ́ ọwọ́ tó péye báyìí rí. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Ojú méjì wà láàárín ẹ̀yìn ẹ̀, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, àwọn mìíràn tó tún kéré sí i wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iwájú. Ara ọwọ́ ẹ̀ ní kókó wínníwínní bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì hù sí i. Ìdí ìrù níbi tí abẹ́rẹ́ wà pọ́n díẹ̀ ju ara yòókù lọ. Mo gbé ike sókè, mo wò ó láti abẹ́, mo rí ohun méjì níkùn ẹ̀ tó rí bí òòyà, eyín ẹ̀ tò tẹ̀ léra. Mo fẹ́ ka eyín òòyà yẹn, àmọ́ ó yíra padà, ó gbé ìrù sókè sí mi. Mo rọra gbé ike kalẹ̀.

Àwọn ará Bọ́ládé ti pé lé mi lórí. Kálukú ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Àbókí tó ń ta okùn aago ní kunama ni, pé ó wà nílé àwọn náà. Ìyá eléwé ọmọ ní kí n tà á fóun ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọkùnrin tó ń ṣẹ́ dọ́là lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Ó ní iná kékeré kan, iná aláwọ̀ búlúù tó fi ń mọ ayédèrú owó. Ló bá ní kóun fi wò ó bóyá ojúlówó ni. Wọ́n fi àkísà bo ike, ó tan iná náà sí i. Yéè! Àkéekèé dúdú di aláwọ̀ ewé, ó ń tàn yànrànyànràn bí iná mọ́sálásí lálẹ́ ààwẹ̀. Obìnrin kan ké "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ó sì gba ọ̀nà ojú irin lọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti ń sọ ọ́ dé abẹ́ bíríìjì pé àkéekèé ẹlẹ́mìí òkùnkùn ń bẹ lọ́dọ̀ baba aláago.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ló yọ mí. Ó ní àbúrò òun kan ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko ní Yunifásítì Èkó, l'Ákọkà, pé kí n gbé e lọ. Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọmọ mi wọ ọkọ̀ Yábàá. Kọ́ńdọ́ kan ike náà tí mo fi láílọ́ọ̀nù dúdú wé, ó ní kí ló wà níbẹ̀. Mo ní alákàn ni. Ọlọ́run á dárí jì mí.

Dókítà náà kò tíì pé ogójì ọdún, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní "Ẹ kú wàhálà, Bàbá." Nígbà tó rí ohun tí mo gbé wá, ẹ̀rín ló rín.

"Ẹ wò ó, sà. Kéèyàn tó wá orúkọ, ọwọ́ àti ìrù ni kó kọ́kọ́ wò. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ bá tóbi tí ìrù ẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ sí ara ẹ̀, ọwọ́ yẹn ló fi ń fọ́ ohun tó fẹ́ jẹ, oró ẹ̀ kì í sábà le. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀ bá tín-ínrín bí igi ìṣáná, tí ìrù ẹ̀ wá ki, ìrù yẹn ló gbójú lé. Ìyẹn ni kí ẹ sá fún. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀ o, àmọ́ ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀."

Ó ní irú àkéekèé tó wà láyé lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, pé àwọn tó lè pa èèyàn ò pọ̀ nínú wọn rárá, ó sì fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé inú ìdílé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, ìdílé ọlọ́wọ́ tín-ínrín. Ti iná búlúù yẹn, ó ní kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan níbẹ̀, gbogbo àkéekèé ló ń tàn bẹ́ẹ̀, ńlá àti kékeré, torí náà iná ò lè sọ èyí tó jẹ́. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó wá bá mi sọ bẹ́ẹ̀ ní Bọ́ládé.

Ó wá fi ẹ̀mú gígùn gbá a nírù mú, ó gbé e sábẹ́ awò. Ó ní àwọn òyìnbó tó ń rà á nínú ike tí wọn ò kọ nǹkan sí sábà máa ń ṣì í mú fún àkéekèé dúdú kan tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà. Èyí tiwa ní kókó wínníwínní lọ́wọ́ ju ti Éṣíà lọ. Ó tún wo àwọn irun tín-íntìn-ìn-tín tó wà lára ọwọ́, ibi tí kálukú wọn hù sí àti iye wọn, torí irun yẹn làwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ya ìran kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Ọmọ mi dúró gbagidi, kò mí. Mi ò rí i kó tẹ́tí sí olùkọ́ báyìí rí.

"Pandinus imperator ni," ni dókítà wí. Ó ní ará Jámánì kan, Carl Ludwig Koch, ló fún un lórúkọ imperator yẹn lọ́dún 1841, pé ìtumọ̀ ẹ̀ ni ọba tó ju ọba lọ. Ó wà ní Nàìjíríà, ó wà ní Benin, ó wà ní Togo àti Gana. Inú ihò ilẹ̀ àti abẹ́ òkìtì ikán ló fẹ́ràn, ó ń jẹ ikán. Ó wà lára àwọn tó tóbi jù láyé, ó lè gùn tó ogún sẹ̀ǹtímítà. Bó bá ta èèyàn, kì í sábà ju kí oyin ta á lọ, àyàfi ẹni tí ara ẹ̀ kì í gba oró. Àwọn onímọ̀ gan-an ti rí èròjà kan nínú oró ẹ̀ tó ń bá kòkòrò ibà jà, wọ́n pè é ní scorpine. Lẹ́yìn náà ló gbójú lé ọmọ mi. Ó ní láti ọdún 1995 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti wà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kọjá bọ́dà láìní ìwé àṣẹ, torí wọ́n ti ń kó o jù, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fi í sínú ike gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá ṣẹ̀ sófin. Ọmọ náà dorí kodò. Ó ní kó tọ́jú èyí tó ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, kó fún un nílẹ̀ tútù àti ibi tó máa sá sí, kó má jù ú sígbó Èkó, kó sì má gba òmíràn mọ́. Ó tún ní obìnrin ni Ṣọjà.

Kí n tó dìde, mo sọ ọ̀rọ̀ ọdún 1969 fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní itọ́ tó ń dà, òógùn, èébì, mímí bí ẹni tó rì sómi, kò rí bí iṣẹ́ Pandinus lójú òun, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ tín-ínrín ló jọ, pé ọmọdé ló sì máa ń mú jù. Ó gbé ìgò kan sílẹ̀ látinú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tó wà nínú ẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò fi bẹ́ẹ̀ gùn. Ó pè é ní Hottentotta hottentotta, ó ní ó wà lórílẹ̀ èdè wa, pé abẹ́ òkúta àti èèpo igi ló ń sá sí. Ó ní òun ò lè sọ pé irú ẹ̀ gan-an ló ta ẹ̀gbọ́n mi, torí òun ò sí níbẹ̀. Mo fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti Màmá, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ bí dókítà ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Mo ní Màmá, tọmọ yín yìí kì í pa èèyàn. Mo ṣí fọ́tò ti inú ìgò, mo ní irú èyí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n wo ọwọ́ wọn.

"Kò ju ìka mi yìí lọ," ni wọ́n wí.

"Kí ni, Màmá?"

"Èyí tí mo pa láàárọ̀."

Mi ò gbọ́ ọ rí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Wọ́n ní kí wọ́n tó gbé ọmọ náà sórí kẹ̀kẹ́, àwọn ní kí àwọn fi aṣọ tó fi bora lóru wé e, àwọn sì gbọn aṣọ náà. Ọ̀kan já bọ́ sílẹ̀, kékeré, pupa rúsúrúsú, ìrù ẹ̀ ki. Àwọn fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa.

"Mi ò kà á sí. Ṣebí wọ́n ti pa ńlá."

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ, ni mo bá sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo ní, "Aṣọ yẹn ńkọ́, ibo ló ti wá?"

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn. "Mo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Orí igbó ẹ̀yìnkùlé ni mo sá a sí. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó lọ ká a. Mi ò gbọn ọ́n kí n tó fi bò ó."

Ọmọ mi kò mọ̀ pé ìgbà kan wà téèyàn ń pa ẹnu mọ́. Ó ní, "Màmá, ìyẹn ni pé kì í ṣe ìyáálé yín ló…" Mo ṣẹ́jú sí i, ó dákẹ́.

Bí ẹ bá bi mí, mi ò lè búra. Igi ìdáná náà léèpo, kékeré lè bá igi wọlé bí ńlá ṣe bá a wọlé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá lọ́jọ́ kejì, mo rò pé ó máa tù wọ́n nínú. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Wọ́n ní àwọn gbọ́. Ọjọ́ méjì ni wọn ò jẹun dáadáa, tí ìyàwó mi ń gbé àmàlà wọlé tó ń gbé e jáde. Mo ti ń bínú sí ara mi pé kí ni mo ń wá lọ sí Akọkà. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni obìnrin yìí fi di ẹnì kan sínú, èmi ni mo lọ gba ẹni náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi ohun tó burú jù ú lọ rọ́pò.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Àkọ́bí ẹ̀ tó wà ní Ṣakí, ṣé a lè rí nọ́ńbà ẹ̀?" Wọn ò dárúkọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ó gbà mí ní ìrọ̀lẹ́ odindi kí n tó rí nọ́ńbà náà gbà lọ́wọ́ àwọn ará ilé. Mo tẹ̀ ẹ́, mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí mi ò mọ̀, mo ní Màmá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, mo gbé fóònù fún wọn, mo jáde. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi í léèrè ibi tí wọ́n sin ìyá ẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, torí mo kúrò níbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ké sí mi. Wọ́n ní owó inú fóònù ti tán, kí n sáré fi sí i.

Ṣọjà ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Landlọ́ọ̀dù ti gbọ́, ó ti kìlọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Màmá ò jẹ́ dá jókòó nínú yàrá tí ike náà bá wà. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ pé òun kọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ di ọmọ àwọn. Ọmọ mi ti gé páálí kan, ó kọ orúkọ tí dókítà pè sí i gàdàgbà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ike. Màmá ò mọ̀wé. Wọ́n ní kí ló kọ síbẹ̀. Ó kà á fún wọn, Pandinus imperator. Wọ́n ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

"Òjògán ni wọ́n ń pè é nílé wa," ni wọ́n wí. "Kọ òjògán sí i."

Ó mú báírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀.